Ralph Bunche

Ralph Johnson Bunche (ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1904 – ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1971) jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, onímọ̀ nípa ìṣèlú àti ìbáṣepọ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ àgbà ní Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Aṣọ̀kan. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà. Ọdún 1950 ni wọ́n fún un, nítorí ipa tí ó kó láti dá ogun dúró láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Árábù tí ó yí i ká. Òun náà ni ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwádìí tí ó ṣe fún oyè náà dá lórí bí ìjọba Faransé ṣe ń ṣàkóso Tógò àti Dàhòmì, èyí tí ń jẹ́ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìwádìí náà, ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ ìwé òfin tí a fi dá Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Aṣọ̀kan sílẹ̀, ohun tí ó sì ti kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wúlò fún un níbẹ̀.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ìlú Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n bí Bunche sí. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀, Fred Bunche. Ìyá rẹ̀, Olive Johnson, sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn orin púpọ̀. Àìlera mú kí ẹbí náà kó lọ sí ìlú Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ṣùgbọ́n ìyá Ralph kú síbẹ̀ ní ọdún 1917. Ìyá-ìyá rẹ̀, Lucy Taylor Johnson, ni ó kó òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Grace, lọ sí Los Angeles, tí ó sì tọ́ wọn dàgbà. Obìnrin náà kò fi ẹ̀kọ́ ọmọ ṣeré rárá. Ó pinnu pé ọmọ-ọmọ òun gbọ́dọ̀ dé yunifásítì.

Ralph ta ìwé ìròyìn, ó sì ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé kí owó lè wọlé. Ní ọdún 1922, ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Jefferson High School gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pegedé jù lọ ní ìlú náà kò gbà á wọlé nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn dúdú.

Ẹ̀kọ́ gíga

Ó wọ ẹ̀ka Yunifásítì Kalifọ́níà tí ó wà ní Los Angeles, tí a mọ̀ sí UCLA lónìí. Eré ìdárayá ni ó ràn án lọ́wọ́ láti rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, ó sì tún ń ṣe iṣẹ́ agbálẹ̀ láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ìbáṣepọ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ni ẹ̀kọ́ tí ó yàn láàyò. Ní ọdún 1927, ó gba oyè àkọ́kọ́ pẹ̀lú ipò tí ó ga jù lọ, òun ni ó sì ṣe agbẹnusọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde.

Yunifásítì Harvard fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó tí yóò fi gbé ayé lọ́hùn-ún kò sí. Àwọn ènìyàn dúdú ìlú Los Angeles dáwó jọ, wọ́n sì kó 1,000 dọ́là fún un, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà náà ṣe máa ń dáwó rán ọmọ wọn lọ kàwé ní òkè-òkun. Ní ọdún 1928, ó gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ìṣèlú. Ní ọdún kan náà, Yunifásítì Howard ní Washington, tí ó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú, gbà á síṣẹ́, ó sì dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ Ruth Harris, tí ó jẹ́ olùkọ́, ní ọdún 1930. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Joan, Jane àti Ralph Kékeré. Bí ó ti ń kọ́ni ní Howard ni ó ń bá ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lọ ní Harvard.

Ìwádìí ní Tógò àti Dàhòmì

Bunche kọ́kọ́ ní in lọ́kàn láti ṣe ìwádìí lórí ipò àwọn ènìyàn dúdú ní Brasil, ṣùgbọ́n ó yí ojú sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìbéèrè tí ó gbé ka iwájú rọrùn láti béèrè, kò sì rọrùn láti dáhùn: bí àjọ àgbáyé bá ń ṣọ́ ìjọba àjèjì tí ń ṣàkóso ìlú kan, ǹjẹ́ àǹfààní kankan wà níbẹ̀ fún ará ìlú?

Ó yan Tógò àti Dàhòmì láti fi wá ìdáhùn. Ilẹ̀ méjèèjì fara kan ara wọn. Ẹni tí ó bá gba òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì lónìí, tí ó kọjá Festac Town ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, tí ó sì ré ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni yóò bọ́ sí; bí ó bá sì gba etí òkun náà lọ tààrà, yóò dé Tógò. Àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá wà nínú méjèèjì: ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní Dàhòmì, àti àwọn ẹ̀yà Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé ní Tógò.

Faransé ni ó ń ṣàkóso méjèèjì nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà bọ́ sí i lọ́wọ́ yàtọ̀. Faransé fi ogun gba Dàhòmì ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì so ó mọ́ àwọn ilẹ̀ rẹ̀ yòókù tí gómìnà àgbà ń ṣàkóso láti Dakar. Kò sí àjọ kankan lóde tí ó ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Tógò ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ Jámánì títí di ọdún 1914, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbà á. Wọ́n pín in sí méjì. Gẹ̀ẹ́sì mú apá ìwọ̀-oòrùn, Faransé mú apá ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1922, Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí i pé wọn kì í ṣe onílẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ àfisíkàáwọ́ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn nípa rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí ìgbìmọ̀ kan ní Geneva. Nítorí náà, ìjọba kan náà, ní ilẹ̀ méjì tí ó jẹ́ aládùúgbò, ni Bunche fẹ́ fi wéra: ọ̀kan ní olùṣọ́, èkejì kò ní.

Pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ Rosenwald, ó rin ìrìn-àjò náà ní ọdún 1932. Ó ka àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba ní Paris, lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìwé kò sọ. Ohun tí ó bá bọ̀ ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì kò tó nǹkan. Bí Faransé ṣe ń ṣe ní Dàhòmì ni ó ṣe ń ṣe ní Tógò, ayé mẹ̀kúnnù ní Lomé kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ Geneva ń kà, ìjọba tí wọ́n ń ṣọ́ ni ó ń kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ náà kì í wá wo ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú kò lè lọ síwájú rẹ̀ láti fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Bí ó bá sì fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn, ọwọ́ ìjọba tí ó ń fi sùn gan-an ni ìwé náà yóò gbà kọjá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1933, àwọn obìnrin ọjà ní Lomé dìde láti kọ owó-orí tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tààrà tí ohùn wọn lè gbà dé Geneva.

Bunche kò torí èyí sọ pé kí wọ́n da ètò àfisíkàáwọ́ nù. Ó rí i gẹ́gẹ́ bí ìgbésẹ̀ tí ó ní ìrètí nínú, bí wọ́n bá lè fún un ní agbára. Harvard fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1934, iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn Toppan ti yunifásítì náà. Láàárín ọdún 1936 sí 1938, ó tún kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àti ìgbé-ayé ẹ̀dá ní Yunifásítì Northwestern, ní London àti ní Cape Town. Ní London ni òun àti Jomo Kenyatta, tí ó di ààrẹ Kẹ́ńyà nígbẹ̀yìn, ti mọ ara wọn. Ní ọdún 1936 bákan náà ni ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti àwọ̀ ní àgbáyé.

Ìwé òfin Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Aṣọ̀kan

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà nílò ẹni tí ó mọ Áfíríkà dáadáa, irú wọn kò sì pọ̀. Ní ọdún 1941, Bunche bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí ń ṣe ìwádìí àṣírí fún ogun. Ní ọdún 1944, ó kọjá sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí San Francisco ní ọdún 1945 láti dá Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Aṣọ̀kan sílẹ̀, ó bá àwọn aṣojú Amẹ́ríkà lọ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kó ipa pàtàkì jù lọ nínú kíkọ àwọn orí ìwé òfin náà tí ó kan àwọn ilẹ̀ tí kò tíì ní òmìnira.

Orí Kọkànlá sọ pé gbogbo ìjọba tí ó ní ilẹ̀ àmúnisìn gbọ́dọ̀ fi ire àwọn ará ibẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì máa fi ìròyìn nípa wọn ránṣẹ́ sí Àjọ. Ìdí nìyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ròyìn nípa Nàìjíríà, tí Faransé sì ní láti ròyìn nípa Dàhòmì. Orí Kejìlá dá ètò alágbàtọ́ sílẹ̀ dípò ètò àfisíkàáwọ́, ó sì kọ ọ́ ní kedere pé ìjọba ara-ẹni tàbí òmìnira ni ètò náà ń lépa. Orí tí ó tẹ̀ lé e fún Ìgbìmọ̀ Alágbàtọ́ ní agbára tí ti Geneva kò ní: ó lè gba ìwé ẹ̀sùn tààrà, ó sì lè rán àwọn aṣojú lọ wo ilẹ̀ náà fúnra wọn. Láìpẹ́, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ará ìlú láyè láti wá dúró níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àlàfo tí Bunche rí nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni òfin tuntun náà dí. Ní ọdún 1946, ó kọjá sí Àjọ náà, níbi tí ó ti di olórí ẹ̀ka tí ń bójú tó ètò alágbàtọ́.

Àwọn ilẹ̀ alágbàtọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ilẹ̀ mọ́kànlá ni ó wọ inú ètò náà. Mẹ́rin nínú wọn sún mọ́ Nàìjíríà: Tógò ti Gẹ̀ẹ́sì, Tógò ti Faransé, Kamẹrúùnù ti Gẹ̀ẹ́sì àti Kamẹrúùnù ti Faransé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1947, Sylvanus Olympio ti Tógò dúró níwájú Ìgbìmọ̀ Alágbàtọ́ ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n so àwọn ará Ewe tí ààlà àwọn aláwọ̀ funfun pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ọdún 1949, àwọn aṣojú ìgbìmọ̀ náà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fúnra wọn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn béèrè ni wọ́n rí gbà. Nínú ìdìbò tí Àjọ ṣe àbójútó rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1956, ọ̀pọ̀ ará Tógò ti Gẹ̀ẹ́sì yàn láti darapọ̀ mọ́ Gold Coast, èyí tí ó di Ghánà ní ọdún 1957. Àwọn ará Ewe kò sì bọ́ sábẹ́ àsíá kan. Ní Tógò ti Faransé, Àjọ bójú tó ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 1958. Ẹgbẹ́ Olympio ni ó wọlé, orílẹ̀-èdè náà sì gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960. Ní oṣù kejì ọdún 1961, àwọn ará apá àríwá Kamẹrúùnù ti Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti wà pẹ̀lú Nàìjíríà, nígbà tí apá gúúsù yan Kamẹrúùnù.

Dàhòmì, tí kò wà lábẹ́ alágbàtọ́, gba òmìnira tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn Tógò. Èyí fi hàn pé ìjàkadì àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni ó gba òmìnira. Ìwé òfin nìkan kò lè ṣe é. Ohun tí ètò náà ṣe ni pé ó fún wọn ní ibi tí wọ́n ti lè sọ̀rọ̀ kí gbogbo ayé sì gbọ́.

Palẹstínì àti Ẹ̀bùn Nobel

Ní ọdún 1947, Bunche bá ìgbìmọ̀ tí Àjọ rán lọ sí Palẹstínì ṣiṣẹ́. Èrò àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pín sí méjì, òun ni ó sì bá ìhà méjèèjì kọ ìròyìn wọn. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1948, Àjọ yan Folke Bernadotte, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, gẹ́gẹ́ bí olùlàjà, Bunche sì di igbákejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, àwọn agbébọn Júù pa Bernadotte ní Jerúsálẹ́mù. Ìdádúró lójú ọ̀nà ni kò jẹ́ kí Bunche wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gba iṣẹ́ olùlàjà náà lọ́wọ́ òkú.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, ó kó àwọn aṣojú Ísírẹ́lì àti Íjíbítì jọ sí erékùṣù Rhodes. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò lè dá ìjà sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mú kí wọ́n fẹnu kò lé lórí, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ ààlà. Íjíbítì fọwọ́ sí àdéhùn ìdáwọ́-ogun-dúró ní ọjọ́ 24 oṣù kejì, Lẹ́bánónì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, Jọ́dánì ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, Síríà ní ọjọ́ 20 oṣù keje. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe fún un ní Ẹ̀bùn Nobel. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀ ọ́, nítorí ó gbà pé iṣẹ́ òun ni òun ṣe, ṣùgbọ́n akọ̀wé àgbà Àjọ, Trygve Lie, rọ̀ ọ́ kí ó gbà á. Àdéhùn náà dá ìbọn dúró fún ìgbà kan. Kò yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ará Palẹstínì tí ó lé ní 700,000 tí ogun náà lé kúrò nílé wọn.

Suez àti Kóngò

Ní ọdún 1956, lẹ́yìn ogun tí ó wáyé lórí ipadò Suez, Bunche wà lára àwọn tí wọ́n ṣètò ẹgbẹ́ ọmọ-ogun olùpẹ̀tùsíjà tí Àjọ rán lọ síbẹ̀. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ nígbà náà di àwòkọ́ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kóngò ni ó le jù fún un. Ó wà ní ìlú Léopoldville nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1960. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ-ogun fi ṣọ̀tẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù kó àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀ wọlé, agbègbè Katanga sì kéde pé òun yapa. Bunche ni ó darí iṣẹ́ Àjọ níbẹ̀ títí di òpin oṣù kẹjọ. Òun àti olórí ìjọba, Patrice Lumumba, kò gbọ́ ara wọn yé. Lumumba fẹ́ kí Àjọ fi agbára dá Katanga padà. Bunche gbà pé àṣẹ tí wọ́n fún òun kò dé ibẹ̀. Wọ́n pa Lumumba ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru Àjọ náà. Títí di òní, ìgbà Kóngò ni àwọn onímọ̀ máa ń jiyàn lé lórí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nàìjíríà náà kó àwọn ọmọ-ogun lọ síbẹ̀, Johnson Aguiyi-Ironsi sì di ọ̀gá gbogbo ọmọ-ogun Àjọ ní Kóngò ní ọdún 1964.

Ìjà fún ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà

Òkìkí Bunche kò gbà á lọ́wọ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní ọdún 1949, Ààrẹ Truman fẹ́ fi í ṣe igbákejì akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ó kọ̀, nítorí kò fẹ́ kí òun àti ẹbí òun tún máa gbé lábẹ́ òfin ìyàsọ́tọ̀ tí ó wà ní Washington. Ní ọdún 1959, ẹgbẹ́ eléré tẹníìsì kan ní New York kò fẹ́ gba òun àti ọmọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tọrọ àforíjì nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí gbogbo ayé. Ó wà níbi ìwọ́de ńlá Washington ní ọdún 1963, ó sì bá Martin Luther King rìn ní Selma ní ọdún 1965.

Ikú àti ogún rẹ̀

Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn, àtọ̀gbẹ ba ara rẹ̀ jẹ́, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Jane ti ṣáájú rẹ̀ kú ní ọdún 1966. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1971, ó sì kú ní New York ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún náà. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Woodlawn. Ọgbà kan tí ó dojú kọ olú-iléeṣẹ́ Àjọ ní New York ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ńlá kan ní UCLA àti ibùdó ẹ̀kọ́ ìbáṣepọ̀ àgbáyé kan ní yunifásítì ìlú New York.

Bunche kò sí láyé mọ́ nígbà tí Nàìjíríà, Tógò, Dàhòmì àti àwọn aládùúgbò wọn fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, tàbí nígbà tí wọ́n kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò tí wọ́n wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977. Púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí wọ́n rán aṣojú wá sí àjọ̀dún náà ni wọ́n ṣì wà lábẹ́ amúnisìn nígbà tí ó rin ìrìn-àjò ọdún 1932. Gbogbo ilẹ̀ mọ́kànlá tí ó wà lábẹ́ alágbàtọ́ ni ó bọ́ kúrò nínú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Palau, àkójọ àwọn erékùṣù nínú òkun Pàsífíìkì, ni ó gbẹ̀yìn, ní ọdún 1994. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìgbìmọ̀ Alágbàtọ́ dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, nítorí kò ṣẹ́ku ilẹ̀ kankan fún un láti ṣọ́.